Okùn Mítà 16: Àkọsílẹ̀ Àwòṣe Jíìnì Kan ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Iléèwé ní Ìjẹ̀bú-Òde

Jíìnì kan ṣoṣo ni a fẹ́ nà sí gbangba, kí àwọn ọmọ lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléèwé girama tí mo ti ń kọ́ báyọ́lọ́jì ní Ìjẹ̀bú-Òde ni a ń nà án sí. Sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún lẹ́tà DNA kan. Orí òfin yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé, n kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí inú ìwọ̀n àti àkókò ni ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fojú ara wọn rí wà.

Ìwé tí wọ́n ń kà ya àwòrán mẹ́ta. Nínú èkíní, ẹ̀rọ kan ń da DNA kọ sí RNA, ẹ̀dà rẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ń lò. Nínú èkejì, RNA ti parí, ó gùn gbọọrọ, exon (apá tí wọ́n ń fi sílẹ̀) àti intron (apá tí wọ́n ń gé sọnù) sì wà nínú rẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, wọ́n ti gé àwọn intron kúrò, wọ́n ti so àwọn exon pọ̀. Ọmọ tó bá kà á á rò pé RNA á kọ́kọ́ parí, á wá lọ dúró de ẹni tí yóò gé e. Nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ti eku, ti màlúù, ti gbogbo ẹranko afọ́mọlọ́mú, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí ń lọ nígbà tí ìdàkọ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó ń dà á kọ, tí wọ́n ń pè ní Pol II, kò tíì kúrò lórí jíìnì, wọ́n ti dé fìlà sí orí RNA náà, ìyẹn ìbòrí tó ń dáàbò bò ó, wọ́n sì ti ń yọ intron kúrò láàárín rẹ̀. Bí àwọn obìnrin ṣe máa ń jókòó sí etí oko, tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ nígbà tí àwọn tó ń hú u kò tíì dé ìdajì poro, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí. Ohun tí àwòrán mẹ́ta inú ìwé kò lè fi hàn nìyẹn. Okùn lè fi í hàn, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá péye.

Jíìnì beta-globin ni a mú, èyí tó ń pèsè ọ̀kan nínú oríṣi purotéènì méjì tó para pọ̀ di hemoglobin inú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà. Ó kéré: láti ibi tí ìdàkọ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń gé RNA rẹ̀ kúrò, nǹkan bí lẹ́tà 1,600 ni, ìyẹn mítà 16 ní ìwọ̀n tiwa. Jíìnì dystrophin, tí iṣan ara ń lò, lé ní mílíọ̀nù méjì lẹ́tà. Bí a bá nà án ní ìwọ̀n kan náà, okùn á kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde, á kọjá Òdógbolú, á máa wọ ilẹ̀ Rẹ́mọ lọ, ìdàkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sì ń gba nǹkan bí wákàtí 16 nínú sẹ́ẹ̀lì. Beta-globin tún wà lára àwọn jíìnì tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí intron. Ọdún 1977 ni Alec Jeffreys àti Richard Flavell rí i nínú ti ehoro, ọdún kan náà tí ẹgbẹ́ Phillip Sharp àti ti Richard Roberts rí irú rẹ̀ nínú kòkòrò àrùn adenovirus.

Ìdí tó wà lọ́kàn mi jù ni pé kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì mi tí kò mọ AA, AS àti SS. Ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè rẹ̀, mọ́ṣáláṣí ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó so tọkọtaya pọ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó ń fa àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde wà ní nọ́ńbà 70 láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdàkọ: A ló di T níbẹ̀. Lórí okùn wa, sẹ̀ǹtímítà 70 ni, ìgbésẹ̀ kan péré sí orí okùn. Mo fẹ́ kí ọmọ tó ní AS lè fi ìka rẹ̀ kan ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà.

Okùn

Okùn òwú ni mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn, nítorí ó rọ̀ lọ́wọ́, ọ̀dà sì ń mú un dáadáa. Ìyá tó ń ta okùn ní Òkè-Ajé ló bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, "Tísà, bí òjò bá kan èyí, ẹ máa wá bá mi jà ni." Òótọ́ ló sọ. Okùn òwú máa ń sún kì tó bá mu omi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa sì ṣí sílẹ̀ sí ìta. Bí mítà 16 bá fi ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún sún kì, nǹkan bí lẹ́tà 48 ló ti sọnù, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà 19 péré ni ọ̀kan nínú àwọn ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí, bí n óò ṣe sọ níwájú.

Okùn náílọ̀nù ni mo wá rà. Òun náà ní ìwà tirẹ̀: ó máa ń fà bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ nà án. A so ó kọ́ ara òpó, a so búlọ́ọ̀kù mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó lè fà tán kí a tó wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà la nà án, tí a fi ọ̀dà sàmì sí i. Exon kìíní gba sẹ̀ǹtímítà 142, intron kìíní 130, exon kejì 223, intron kejì 850, exon kẹta 261. Ẹ wo bí intron kejì ṣe ju gbogbo exon mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ lọ. Àwọn ọmọ ò sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n rí i nínú ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú wọn di orí intron náà mú tí èkejì sì ń fa ìdí rẹ̀ lọ sí iwájú kíláàsì kejì, ariwo sọ.

Okùn kò gbọdọ̀ parí síbi tí jíìnì parí. Pol II kì í dúró níbi tí wọ́n ti gé RNA; ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Nínú beta-globin ti ènìyàn, apá DNA tó ń ràn án lọ́wọ́ láti já sílẹ̀ wà ní nǹkan bí lẹ́tà 900 sí 1,600 lẹ́yìn ibi gígé náà. Ìyẹn béèrè mítà 16 mìíràn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kò sì tó bẹ́ẹ̀. A yí okùn po òpó ìgbẹ̀yìn, a dà á padà. DNA ní okùn méjì tó lọ́ mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀kan la lò. Bí a bá lọ́ méjì pọ̀, àpótí kò ní lè rìn lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì di ti ìlọ́po DNA dípò ti RNA.

Tépù

Ohun tí a ó fi ṣe RNA ló jẹ́ kí n ronú jù. Ríbọ́ọ̀nù rọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa sàmì sẹ̀ǹtímítà sí i? Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ránṣọ ni mo jókòó tì nígbà tí mo rí tépù lọ́rùn rẹ̀. Tépù télọ̀ ti ní sẹ̀ǹtímítà lára, 150 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ra aláwọ̀ ìyeyè márùn-ún fún exon, funfun méje fún intron. Ọ̀rẹ́ mi gé irin etí wọn kúrò, ó fi máṣíìnì rán wọn pọ̀ ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ. Ẹ̀yìn tépù tó jẹ́ ínǹṣì la kùn pátápátá, nítorí ó ń da àwọn ọmọ rú.

Ìtẹ̀léra lẹ́tà jíìnì náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú àkójọ NCBI ti Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ SS2 kọ gbogbo lẹ́tà exon sórí tépù, ọ̀kan sí sẹ̀ǹtímítà kan, A, C, G àti U, nítorí U ló ń dúró ní ipò T nínú RNA. Nínú intron, orí àti ìdí nìkan la kọ: GU ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, AG ni ó fi ń parí. A tún kọ A kan tó ṣe pàtàkì, èyí tó wà ní nǹkan bí 37 kí intron kìíní tó parí. Ipò rẹ̀ ni orí intron náà yóò wá fi ara kọ́. Lẹ́tà 70 la fi ọ̀dà pupa kọ.

Àpótí Pol II

Kápẹ́ńtà kan ní Ìta-Ọ̀ṣùgbó ló bá wa kàn án, púláíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Gígùn rẹ̀ kì í ṣe ti ojú lásán. Nínú Pol II gidi, RNA tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń wà nínú ẹ̀rọ náà fún nǹkan bí lẹ́tà 15 sí 20 kó tó yọ orí síta, nítorí náà láti ibi tí tépù ti kan okùn nínú àpótí dé ihò tó ti ń jáde, sẹ̀ǹtímítà 17 la fi sí i. Bàbá kápẹ́ńtà bi mí bóyá 20 kò ní dára jù fún igi tó ní lọ́wọ́. Mo ní kó jẹ́ 17.

Nínú àpótí ni a ká tépù sí. Rólà rọ́bà méjì tí a tú jáde láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú ló ń ṣe iṣẹ́: wọ́n wà lórí ọ̀pá irin kan, ìwọ̀n wọn dọ́gba, ọ̀kan ń yí lórí okùn, èkejì ń ti tépù jáde. Bí àpótí bá rìn mítà kan lórí okùn, mítà kan tépù gbọ́dọ̀ jáde. Nígbà àyẹ̀wò, tépù ń dín nítorí náílọ̀nù ń yọ̀ lábẹ́ rólà. Bàbá fi rólà kékeré kan sí abẹ́ okùn, ó fi síríńgì tì í sókè kó lè fún okùn mọ́ra. A ń fún un díẹ̀díẹ̀, a ń wọ̀n, títí méjèèjì fi bá ara wọn dọ́gba. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé nínú sẹ́ẹ̀lì, kò sí RNA kankan tí wọ́n ká sínú Pol II. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń wọlé láti ìta, tí ẹ̀rọ náà sì ń so ó mọ́ ti iwájú. Ibẹ̀ ni àpótí wa ti yàtọ̀ sí ti sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Pol II ní ìrù. Nínú ẹranko afọ́mọlọ́mú, ìrù náà jẹ́ ẹyọ kan tó ń tún ara rẹ̀ sọ lọ́nà 52, ámínò ásíìdì méje nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. A sín ìlẹ̀kẹ̀ 364 sórí òwú, méje méje, a so ó mọ́ ẹ̀yìn àpótí lẹ́bàá ihò. Orí ìrù yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ máa ń dì mọ́ láti bá Pol II rìn: èyí tó ń dé fìlà ń wá nígbà tí RNA kò ju lẹ́tà 20 sí 30 lọ, àwọn tó ń gé ìparí ń pọ̀ síbẹ̀ nígbà tí ìrìn bá ti jìnnà. A gé ike kékeré aláwọ̀ méjì tí àwọn ọmọ lè fi kọ́ ìlẹ̀kẹ̀ bí àpótí bá ti ń lọ.

Ibi tí a ti ń gé

Èyí ni apá tí mo fẹ́ràn jù. Intron kì í kàn já bọ́. Ìgbésẹ̀ méjì ni. Lákọ̀ọ́kọ́, A tó wà nínú intron náà fi ara kọ́ orí intron, níbi GU, exon kìíní sì tú kúrò lára rẹ̀. Intron wá dà bí okùn tí a ta kókó sí lọ́rùn, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ṣì wà lára exon kejì. Lẹ́yìn náà ni exon kìíní wá fi ìparí rẹ̀ kọ lu exon kejì, wọ́n dì, intron olókùn náà sì bọ́ lọ.

Àwọn bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ pọ̀, irú èyí tí télọ̀ ń rán sí kọ́là, la fi ṣe é. Ọ̀kan wà ní ojú GU, ọ̀kan ní ojú AG, ọ̀kan ní ara A. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi rán wọn lọ́nà tó fi jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kejì kò lè ṣẹlẹ̀ àfi bí ti àkọ́kọ́ bá ti ṣẹlẹ̀. Ó gba sùúrù. Akọ bọ́tìnì exon kìíní gbọ́dọ̀ bá abo bọ́tìnì exon kejì mu, kò sì gbọdọ̀ bá ti A mu rárá. Ìwọ̀n bọ́tìnì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la lò láti fi yà wọ́n.

Ọmọ márùn-ún ló ń ṣe iṣẹ́ spliceosome, ẹ̀rọ tó ń gé intron kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì: U1, U2, U4, U5, U6, orúkọ wọn wà láyà wọn. U1 ń di orí intron mú bó ti ń yọ jáde. U2 ń di A mú. U4, U5 àti U6 jọ ń wọlé. Kí gígé tó bẹ̀rẹ̀, U1 àti U4 gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Ọmọ tó ń ṣe U4 bínú díẹ̀ pé iṣẹ́ òun kò tó nǹkan. Mo sọ fún un pé òun ló di U6 lọ́wọ́ mú kó má baà ṣe iṣẹ́ lójijì kí gbogbo nǹkan tó tò.

Fífà á ní ìyára gidi

Ìyára Pol II nínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko afọ́mọlọ́mú jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì sí mẹ́rin lẹ́tà ní ìṣẹ́jú kan. Mo mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Lórí okùn wa, mítà 30 ní ìṣẹ́jú kan ni, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìrìn ẹni tí kò kánjú ni. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 32, ìdàkọ jíìnì beta-globin ti parí.

Nígbà náà la wá bi ara wa léèrè pé ìgbà wo ni kí àwọn U gé? Ìdáhùn kan wá láti ilé ìwádìí Karla Neugebauer ní Yale, iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021. Wọ́n lo sẹ́ẹ̀lì eku tó ń di sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n mú RNA tó ṣì wà lára DNA nìkan, wọ́n yọ èyí tó ti parí kúrò, wọ́n sì ka RNA kọ̀ọ̀kan láti orí dé ìdí lódindi. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ìdí RNA tí kò tíì parí ni ibi tí Pol II dé nígbà tí wọ́n dá sẹ́ẹ̀lì náà dúró. Àárín rẹ̀ ń sọ bóyá intron ti kúrò. RNA kan ṣoṣo ń jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n rí i pé intron ti ń kúrò nígbà tí Pol II kò tíì ju lẹ́tà 75 sí 300 lọ lẹ́yìn ìparí intron náà, lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tó ṣì wà nínú exon tó tẹ̀ lé e, Pol II kò sì dúró láti dúró dè wọ́n.

Ní ìwọ̀n wa, láti sẹ̀ǹtímítà 75 sí mítà mẹ́ta ni. Ní ìyára wa, láti ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ sí mẹ́fà. Àwọn ọmọ gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó ń fa àpótí ń rìn, kò dúró; àwọn U ń sáré tẹ̀ lé e, ọwọ́ wọn ń wá bọ́tìnì. Ọ̀kan pariwo pé, "Mà, ẹ sọ fún un kó rọra!" Mo ní Pol II kì í rọra. Nígbà tí ọwọ́ wọn mọ́ ọn, intron kìíní ń kúrò nígbà tí àpótí ṣì wà lórí exon kejì, ti intron kejì sì ń kúrò nígbà tí àpótí ń sún mọ́ ìparí jíìnì. N kò tún ní láti ṣàlàyé àwòrán mẹ́ta inú ìwé fún kíláàsì yẹn mọ́.

Nínú ìwádìí yẹn kan náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún intron wà tí wọ́n bá lójú ọ̀nà, tí ìgbésẹ̀ kìíní ti ṣẹlẹ̀ tí èkejì kò tíì ṣẹlẹ̀. Bọ́tìnì wa gba èyí láyè. A lè dá iṣẹ́ dúró láàárín ìgbésẹ̀ méjèèjì, kí kíláàsì wò ó.

Sẹ̀ǹtímítà 19

Àwọn ènìyàn kan wà ní àyíká Òkun Mẹditaréníà, ní Cyprus, ní Gíríìsì, ní Tọ́kì, tí lẹ́tà kan ti yí padà nínú intron kìíní beta-globin wọn. G tó wà ní nọ́ńbà 110 nínú intron náà di A. Ó fún intron náà ní AG tuntun, kó tó dé AG tó yẹ kó parí sí. Spliceosome ń gé síbẹ̀, lẹ́tà 19 ti intron sì ń kù sínú RNA. Mẹ́ta mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń ka lẹ́tà láti fi ṣe purotéènì, 19 kò sì ṣeé pín sí mẹ́ta mẹ́ta, nítorí náà gbogbo kíkà tó tẹ̀ lé e dàrú, àmì ìdúró sì dé kó tó yẹ. Beta-thalassemia ni àìsàn tó ń fà.

Mo rán bọ́tìnì kan sí ara intron kìíní, sẹ̀ǹtímítà 19 kó tó parí, mo fi aṣọ dúdú bò ó, kí a máa ṣí i nígbà tí a bá fẹ́. Ọmọ tó bá gé síbẹ̀ á rí ègé funfun láàárín ìyeyè méjì. Mo ní kí wọ́n ka lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta láti ibẹ̀. Wọ́n kà á títí wọ́n fi kan àmì ìdúró, kíláàsì sì dákẹ́.

Ohun tó ya èmi fúnra mi lẹ́nu nínú iṣẹ́ Yale náà ni pé nígbà tí wọ́n fi jíìnì ènìyàn tó ní ìyípadà yìí sínú sẹ́ẹ̀lì eku, gígé intron tún dára sí i, gígé ìparí RNA pàápàá dára sí i. Ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, RNA tó jáde ni kò wúlò. Mo fi èyí wé lẹ́tà 70 fún àwọn ọmọ. Ti AS àti SS, gígé kò ní ẹ̀bi kankan. Ọ̀rọ̀ inú exon ló yí padà. Ti 110, gbogbo ọ̀rọ̀ inú exon pé, ibi gígé ló yí padà. Lẹ́tà kan ni méjèèjì.

Ìdè ìparí

Nǹkan bí lẹ́tà 20 kí exon kẹta tó parí ni AAUAAA wà, àmì tó ń sọ ibi tí wọ́n ó ti gé RNA kúrò lára Pol II. Lẹ́yìn gígé ni wọ́n ń so ìrù A mọ́ ọn, A bíi igba tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tépù mítà méjì tó ní A nìkan ni tiwa.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìwádìí náà fi hàn pé RNA tí intron rẹ̀ kò tíì kúrò sábà máa ń jẹ́ èyí tí wọn kò gé ìparí rẹ̀ dáadáa, tí Pol II ń wọ́ ọ kọjá òpin jíìnì lọ. Méjèèjì so mọ́ra. Báwo la ó ṣe kan ìyẹn sínú àwòṣe? Bàbá kápẹ́ńtà dábàá ìlẹ̀kùn kékeré tó ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Tísà, bí intron kò bá kúrò, kò gbọdọ̀ ṣí. Ó parí." Iṣẹ́ rẹ̀ ìbá lẹ́wà, ṣùgbọ́n n kò gbà á. Sẹ́ẹ̀lì kò ní kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, wọn kò rí i pé ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ọmọ tó bá rí kọ́kọ́rọ́ á mú ìdájú tí kò sí níbẹ̀ lọ sílé.

Òòfà la lò, èyí tí a yọ lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Òòfà ló di ìkọ́ ìparí mú. Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ láti ara intron kejì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí intron bá kúrò, òwú náà á fa òòfà sẹ́yìn díẹ̀, ìkọ́ á sì tètè tú. Bí intron bá ṣì wà, òòfà á di ìkọ́ mú le, tépù á sì máa bá àpótí lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́pọ̀ ìgbà ni mo ní, kì í ṣe nígbà gbogbo. A rán tépù búlúù kún un fún apá tó kọjá òpin jíìnì, kí ojú lè rí i pé kò yẹ kó wà níbẹ̀.

Bí wọ́n bá gé RNA tán, Pol II ṣì ń da èyí tó kù kọ. Énsáìmù XRN2 á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti orí rẹ̀, á máa lé Pol II lọ, títí yóò fi bá a, tí Pol II á sì já sílẹ̀. Ọmọ kan ló ń ká tépù búlúù náà, ó ń sáré tẹ̀ lé àpótí yí òpó ká. Gbogbo wọn ló fẹ́ ṣe XRN2.

Ṣé mítà mẹ́ta ni tàbí mítà 30?

Olùkọ́ kẹ́mísírì tó wá wo iṣẹ́ wa bi mí ní ìbéèrè tó yẹ. Ó ní ṣé gbogbo wọn ló gbà pé mítà mẹ́ta ni? Rárá. Ní 2020, ilé ìwádìí Stirling Churchman ní Harvard fi RNA tuntun láti inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn àti ti eṣinṣin Drosophila kọjá nínú ihò kékeré nanopore, wọ́n kà á tààrà láìsọ ọ́ di DNA. Ohun tí wọ́n rí ni pé intron ń kúrò lẹ́yìn tí Pol II ti rìn jìnnà, ẹgbẹ̀rún lẹ́tà mélòó kan. Ní ìwọ̀n wa, ogún mítà, ọgbọ̀n mítà. Àpótí á ti yí òpó ká, á ti ń padà bọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì wọn yàtọ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà kó RNA yàtọ̀, jíìnì tí wọ́n rí púpọ̀ jù náà lè yàtọ̀. Ibi kan tí méjèèjì ti pàdé ni pé àwọn intron tó wà nínú RNA kan náà kì í ṣe ìwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí ọ̀kan bá ti kúrò, aládùúgbò rẹ̀ sábà máa ń ti kúrò pẹ̀lú. Èrò tèmi ni pé fún jíìnì kúkúrú tí sẹ́ẹ̀lì pupa ń dà kọ lójoojúmọ́, ti Yale ló bá okùn wa mu, torí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lò ni ilé beta-globin gan-an. Ṣùgbọ́n n kò kàn án mọ́ àwòṣe. A gé káàdì: kí ìdàkọ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn U á fa ọ̀kan. Ó lè ní kí wọ́n gé ní mítà kan, ó lè ní ogún mítà, ó lè ní kí wọ́n má gé rárá. Ẹni tó ń wòran á wọ̀n ibi tí àpótí dé, á kọ ọ́ sílẹ̀, kíláàsì á sì kó gbogbo ìwọ̀n náà jọ, bí àwọn tó ń ka RNA gidi ṣe ń kó tiwọn jọ.

Ohun tó kù

Bọ́tìnì ojú GU intron kìíní ti ń dẹ̀, òun ni wọ́n ń ṣí jù. Ọ̀rẹ́ mi á pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó nípọn. Rólà abẹ́ okùn fẹ́ síríńgì tuntun. Lẹ́tà exon kẹta ń parẹ́ níbi tí tépù ti ń wọ́ nílẹ̀, mo sì ti sọ fún àwọn ọmọ SS2 pé bíró kò tó, yíǹkì tí omi kì í pa la ó fi tún un kọ.

Àpótí kejì ni iṣẹ́ tó kàn. Lórí jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń lò púpọ̀ bíi beta-globin, Pol II kan kì í dúró kí ti iwájú parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn lórí DNA kan náà, RNA oníkálukú wà ní ìpele tirẹ̀. Bàbá kápẹ́ńtà ti gé púláíwúùdù rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 17. Tépù ìyeyè márùn-ún àti funfun méje wà nílẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú tí a ó tú rólà rẹ̀ ni a ń wá báyìí.